Ògiri abẹ́ ilẹ̀ kì í fọ omi: ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù kan n'Ìkòròdú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù òpópónà wa n'Ìkòròdú. Ilé epo kan wà lókè wa, kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún tó kọjá ni kànga mẹ́rin ti ń rùn bẹntiróòlù, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń ní ọ̀rá tó ń dán lójú omi. Ẹnjiníà kan tí a pè ní ká gbẹ́ yàrà tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín àwa àti ilé epo náà, ká rọ kọnkéré kún inú rẹ̀, pé epo ò ní lè kọjá mọ́. Omi kànga wa wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13 sí 14. A ti ń dá owó. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà wá ní òun kà á pé irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó sínú irú yàrà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, tí irin náà á sì máa fọ omi. Ṣé ká lo kọnkéré ni, àbí ká lọ kó irin lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé irin? A ò fẹ́ ṣòfò."

Alàgbà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí ìdáwó náà dúró ná. Ẹ wo iye tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ránṣẹ́: ojú omi yín wà ní ẹsẹ̀ bàtà 13 sí 14, yàrà tí ẹnjiníà yín fẹ́ gbẹ́ kò ju 10 lọ. Ìsàlẹ̀ ògiri náà á dúró sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, omi àti epo á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lókè. Nígbà òjò, bí omi bá gòkè dáadáa, ó lè kan ògiri náà fún oṣù mélòó kan. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Owó yín á ti wọlẹ̀, wíwọlẹ̀ gidi.

Bí ẹ bá wá gbẹ́ ẹ jìn sí i ńkọ́? Ká ní ẹ gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 20. Ohun tí ògiri abẹ́ ilẹ̀ lè ṣe kò ju pé kó yí ọ̀nà omi padà lọ. Omi tó ń bọ̀ láti òkè kò ní jókòó torí pé ẹ mọ ògiri síwájú rẹ̀. Á kóra jọ, á gòkè díẹ̀, á wá ibi tí ògiri parí sí, á sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ilé tó wà ní ìkángun ògiri yín, tí kànga tirẹ̀ kò tíì rùn lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ máa darí epo sí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èrò yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ná owó yìí tí kànga aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lọ́dún kejì, ẹjọ́ tí ẹ máa rò, ẹ̀yin ni kò ní dá láre.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ nílò ni kí ẹ mọ ibi tí omi yín ń lọ. Ẹ lè mọ̀ ọ́n láàárín òwúrọ̀ kan, pẹ̀lú rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, okùn kan àti téèpù. Ẹ wá kànga mẹ́ta tí kò sí lórí ìlà kan náà, tí wọ́n jẹ́ igun mẹ́ta sí ara wọn. Kí wọ́n jẹ́ kànga tí epo kò léfòó sí, torí epo máa ń tẹ omi mọ́lẹ̀ díẹ̀, á sì ba ìwọ̀n yín jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fa omi níbẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wọn ìjìnlẹ̀ láti etí kànga dé ojú omi. Lẹ́yìn náà kí bíríkìlà fi rọ́bà rẹ̀ mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì etí kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ lè mọ èyí tó ga ju èkejì lọ àti iye tó fi ga.

Ká ní ohun tí ẹ rí nìyí: ti Bàbá Ìbejì, omi wà ní mítà 4.10 sí etí kànga. Ti Ìyá Alákàrà, 4.00, ti ṣọ́ọ̀ṣì, 4.05. Ẹni tó bá wò ó báyìí á ní omi ti Bàbá Ìbejì ló wà nísàlẹ̀ jù, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo omi ń ṣàn lọ. Àmọ́ rọ́bà ti sọ pé etí kànga Ìyá Alákàrà fi sẹ̀ǹtímítà 30 rẹlẹ̀ sí ti Bàbá Ìbejì, ti ṣọ́ọ̀ṣì sì fi 50 rẹlẹ̀ sí i. Bí ẹ bá wá ka gbogbo rẹ̀ láti etí kànga Bàbá Ìbejì, omi wà ní 4.10 lọ́dọ̀ òun, 4.30 lọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà, 4.55 ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: omi ti Bàbá Ìbejì ló ga jù, ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni omi ń lọ. Mo ti rí i tí àwọn tó gba owó iṣẹ́ ńlá kò ṣe èyí, ojú ilẹ̀ lásán ni wọ́n wò, wọ́n ní "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ibí ló ń lọ." Omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé ojú ilẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ìgbà gbogbo ṣá. Bọ́họ̀ọ̀lù ilé ìtura kan tó ń fa omi tọ̀sán-tòru lè fa gbogbo rẹ̀ gba ibòmíràn.

Ẹ tún wọn ọ́n lóṣù òjò àti lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Á tún yé yín ìdí tí ọ̀rá tí ẹ sọ fi ń fara hàn nígbà kan tó sì ń pòórá nígbà mìíràn. Bí omi bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, epo tó wà láàárín iyanrìn á rọ́nà ṣàn wọ kànga. Bí omi bá gòkè nígbà òjò, á há epo mọ́ àárín iyanrìn. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ti torí èyí dúpẹ́ pé omi àwọn ti mọ́, epo náà ló kàn wọ́ pamọ́.

Ìyára ńkọ́? Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó ṣe ètò omi ìlú Dijon, ló gbé òfin náà jáde lọ́dún 1856: bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá tó, àti bí ojú omi ṣe dagun tó, lọ́pọ̀ ara wọn. Nínú iyanrìn bíi ti Ìkòròdú, ká ní ilẹ̀ náà ń gba mítà 5 lóòjọ́, tí ojú omi ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì mítà nínú gbogbo 100 mítà, tí àyè tó wà láàárín iyanrìn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ara wọn, kí ẹ fi àyè náà pín in: omi náà á máa rin sẹ̀ǹtímítà 10 lóòjọ́, bíi mítà 36 lọ́dún. Ó lọ́ra o. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kànga tó ń rùn lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ epo tó jò lọ́dún kan tàbí méjì sẹ́yìn ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ògiri fúnra rẹ̀, torí pé ó ní ibi tó ti wúlò, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé àlá lásán ni. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa kì í sábà lo kọnkéré lásán. Kọnkéré máa ń sán bó bá ń gbẹ, ìsopọ̀ rẹ̀ máa ń jò. Bí ẹ bá sì dà á láti òkè sínú yàrà tí omi ti kún, sìmẹ́ǹtì á fọ̀ lọ, òkúta á ṣubú síbi kan, iyanrìn síbòmíràn. Amọ̀ kan tó ń jẹ́ bentonite ni wọ́n ń lò. Wọ́n á pò ó mọ́ omi títí á fi ki bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á máa dà á sínú yàrà bí katapílà ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ. Ó wúwo ju omi lásán lọ, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ yàrà méjèèjì, ó sì ń lẹ̀ mọ́ wọn bí awọ, yàrà náà á dúró láìwó láìfi pákó kankan tì í. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀, wọ́n á po iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde mọ́ bentonite, wọ́n á rọ ọ́ padà. Ògiri iyẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ báyìí kì í sán, torí ó rọ̀, ó ń bá ilẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa, omi tó ń gbà á kọjá kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ lọ́dún, bí ìtì omi láti ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá pọ̀ jù.

Àmọ́ ẹ fiyè sí ohun kan: ògiri náà gbọ́dọ̀ wọ inú amọ̀ líle tàbí àpáta nísàlẹ̀, kó wọ̀ ọ́ tó ìdajì mítà ó kéré tán. Bí kò bá sí amọ̀ tó nà lọ láìjá nísàlẹ̀, ògiri náà rọ̀ sófo ni. Ní ilẹ̀ oníyanrìn tiwa ní etíkun Èkó, amọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó máa ń wà lẹ́sẹẹsẹ, ó nípọn níbí, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún, ó lè já láàárín ojúlé méjì. Ẹnjiníà tí kò tíì lu ihò kan láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀, kí ló fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 10 ló tó?

Ibi tí wọ́n bá sì ti mọ irú ògiri yìí, wọ́n ń fi pọ́ǹpù tì í lẹ́yìn. Ní Rocky Mountain Arsenal, lẹ́bàá ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ológun ti ṣe ohun ìjà onímájèlé tí iléeṣẹ́ sì tún ti ṣe oògùn apakòkòrò lẹ́yìn wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri iyẹ̀pẹ̀ àti bentonite ní ààlà àríwá lọ́dún 1978, wọ́n sì fà á gùn lẹ́yìn náà tó bíi kìlómítà méjì. Kànga tó ń fa omi wà ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀. Wọ́n ń gbé omi náà gba inú èédú tó ń fa májèlé mọ́ra, wọ́n sì ń dá a padà sínú ilẹ̀ ní ìhà kejì ògiri. Iṣẹ́ ògiri ni kó mú omi dúró kí pọ́ǹpù lè ráyè. Ìfọmọ́ gan-an, ọwọ́ èédú ló wà. Àwọn ará Japan náà tó fi òtútù sọ ilẹ̀ di yìnyín yí iléeṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì Fukushima ká, kìlómítà kan ààbọ̀, mítà 30 nísàlẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í lóṣù kẹta ọdún 2016, wọn kò lè pa kànga tó ń fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tì.

Ọ̀rọ̀ irin tí ọmọ yín sọ wá kàn. Òótọ́ ló kà, ó sì dára pé Kánádà ló wà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Robert Gillham àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo ló gbé e wọ ilẹ̀ lọ́dún 1991, ní ibùdó ológun Borden ní Ontario. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa àwọn tó ń gé irin, ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ òpè rárá: pàǹtí irin láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gé irin ni wọ́n lò níbẹ̀, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún irin, ìyókù iyanrìn. Omi tó ní TCE, ìyẹn oògùn tí iléeṣẹ́ fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin, ló gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún TCE náà sì pòórá. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, kò rẹ̀ ẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé ni ti Elizabeth City, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ní ibùdó níbẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń fi chromium bo irin nínú ṣọ́ọ̀bù kan, títí di ọdún 1984. Àsíìdì ń jò gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà wọlẹ̀, TCE tí wọ́n fi ń fọ irin náà tẹ̀ lé e. Odò Pasquotank kò ju nǹkan bí 60 mítà lọ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ odò náà gan-an ni omi abẹ́ ilẹ̀ dorí kọ. Lóṣù kẹfà ọdún 1996 wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tó ní ẹ̀wọ̀n eléyín gígùn. Bí ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe ń gé ilẹ̀ lọ ni àpótí kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rọ irin wẹ́wẹ́ sínú yàrà lójú ẹsẹ̀, kò sí ìgbà kan tí yàrà náà dúró ní òfìfo, ẹnikẹ́ni ò sì wọ inú rẹ̀. Ó gùn ní mítà 46, ó jìn ní mítà 7.3, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Nǹkan bí 450 tọ́ọ̀nù irin ló gbà. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí wọ́n fi gé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá lọ. Ẹ rántí odi àwọn ìlú wa àtijọ́: odi kò dí ọ̀nà tán, ibodè wà, oníbodè wà níbẹ̀ tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Ògiri irin yìí, ibodè ni látòkè délẹ̀. Omi ń gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, torí irin náà ṣí ju iyanrìn tó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n irin tó wà nínú omi kò lè ṣe kó má dógùn-ún, bó bá sì ti ń dógùn-ún, ó ń fún ohun tó yí i ká ní electron, ìyẹn èérún iná tíntìntín inú rẹ̀. TCE tó gbà á á jọ̀wọ́ chlorine inú rẹ̀, á di gáàsì tí kò lè pa èèyàn bẹ́ẹ̀. Chromium tó ń yòrò sómi, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ, á di oríṣi chromium mìíràn tí kì í yòrò, á sì jókòó sínú ògiri. Omi tó ń rin sẹ̀ǹtímítà 10 lóòjọ́ á lo ọjọ́ mẹ́fà nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀, àyè sì wà fún iṣẹ́ náà. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń retí NEPA. Ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà á mọ ìdí tí inú mi fi máa ń dùn sí i.

Chromium tó jáde ní ìhà odò kò tó iye tí òfin kọ̀ mọ́, kódà ẹ̀rọ láàbù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. TCE náà lọ sílẹ̀ gan-an, àfi ibì kan nísàlẹ̀ tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba abẹ́ ògiri kọjá, torí pé májèlé náà ti sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí wọ́n fojú wọ̀n ọ́n sí. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn: àwọn èèyàn tó ti lu ihò ṣáájú, tí wọ́n wọn gbogbo nǹkan, abẹ́ ògiri ṣì yọ wọ́n lẹ́nu. Ìpẹ̀tà àti ẹfun tó ń dì sínú irin náà máa ń dí i díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìyẹn náà sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Wàyí o. Irin tó ṣe gbogbo èyí kò ní ṣe nǹkan kan fún yín. Bẹntiróòlù kò ní chlorine tí irin máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, benzene, èròjà olóró inú rẹ̀, á sì gba inú irin kọjá bó ṣe wọlé. Ẹ lè kó gbogbo pàǹtí irin tó wà ní Ládípọ̀ sínú yàrà yín, omi pupa tó ń rùn bẹntiróòlù lẹ máa rí.

Ohun tó ń jẹ bẹntiróòlù ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó sì ń dí wọn lọ́wọ́ ni àìsí ọ́síjìn. Ní Port Hueneme, ní California, ilé epo kan tó wà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi jo nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 10,800 láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 sí oṣù kẹta ọdún 1985. Oṣù díẹ̀ péré. Èròjà kan tó ń jẹ́ MTBE, tí wọ́n ń pò mọ́ epo níbẹ̀, bá omi rin tó kìlómítà kan ààbọ̀. Benzene kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn kòkòrò náà ń jẹ ẹ́ lọ́nà. Wọn ò gbẹ́ yàrà kankan láti dá a dúró. Wọ́n lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà kan tó gùn tó 150 mítà, tó dábùú ọ̀nà omi, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn sínú rẹ̀, omi tó bá kọjá níbẹ̀ ń bá kòkòrò tó yó fún iṣẹ́ pàdé. "Ògiri" ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ kò lè fọwọ́ kàn án.

Bí epo bá wà lójú omi gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, yàrà lè wúlò, ṣùgbọ́n irú mìíràn ni. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló ń gùn. Wọ́n á gbẹ́ yàrà dábùú ọ̀nà rẹ̀, nítòsí ibi tó ti ń jò, á jìn kọjá ojú omi ẹ̀ẹ̀rùn díẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀rá nípọn tẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí yín, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, wọ́n á tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀ kó máa darí omi àti epo sínú kòtò kan. Pọ́ǹpù á máa fa omi níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ojú omi lè rẹlẹ̀ sí ibẹ̀, epo á máa tẹ̀ lé e wá, wọ́n á máa ré e lójú omi. Omi tí wọ́n fà náà gbọ́dọ̀ gba inú èédú kọjá kó tó lọ síbikíbi; bí wọ́n bá dà á sí gọ́tà, wọ́n kàn gbé ìṣòro yín fún ẹlòmíràn ni. Inú ọgbà ilé epo ló yẹ kí irú yàrà yìí wà, owó onílé epo náà ló sì yẹ kí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má gbẹ́ nǹkan kan. Mo ń fi ẹ̀bẹ̀ sọ èyí. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò ló ń sùn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà tàbí kànga bẹ́ẹ̀ lè dákú kó tó pariwo, ẹni tó bá sì kó sínú rẹ̀ láti yọ ọ́ náà á dákú. Bí wọ́n bá tún gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù elépo sétí rẹ̀, iná ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyanrìn kì í kìlọ̀: èyí tó bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga lé ní tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, ní Amẹ́ríkà òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ wọ yàrà tó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láìsí ohun tó tì í, àfi bó bá jẹ́ àpáta ló wà níbẹ̀. Ẹnjiníà yín fẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn, ó sì dá mi lójú pé ṣọ́bìrì àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní ti omi: kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga mẹ́rin yẹn, kí ẹ má fi se oúnjẹ, kí ẹ má sì fi omi gbígbóná rẹ̀ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó há, torí ooru rẹ̀ ni ẹ máa máa fà símú. Síse kò tún un ṣe. Inú ilé ìdáná ni benzene á fò sí, ó sì lè gbiná. Álọ́ọ̀mù àti oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn ilé tí kànga wọn kò rùn, kí wọ́n má tíì yọ̀ o. Iye benzene tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà láàyè nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù). Imú èèyàn kò lè gbóòórùn benzene nínú omi àfi tó bá tó nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ìyẹn. Ní Nisisioken Ogale, ní ilẹ̀ Ogoni, nígbà tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011, àwọn èèyàn ń mu omi kànga tí benzene inú rẹ̀ lé ní ìlọ́po 900 iye ti WHO. Omi inú ọ̀rá tàbí omi tí ọkọ̀ ń gbé wá láti ibi tó jìnnà ni kí ẹ máa lò báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì yára lu bọ́họ̀ọ̀lù tó jìn sáàárín ibi tí epo wà. Bí wọn kò bá fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ dáadáa, ọ̀nà ni ẹ là fún epo láti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó ṣì mọ́.

Nígbà náà ni kí ẹ kọjú sí ibi tí epo ti ń jáde, torí gbogbo ohun tí mo sọ nípa ògiri àti yàrà, asán ni bí táǹkì bá ṣì ń jò. Ẹ kọ̀wé sí NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2021 fi ilé epo sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹ̀dà sí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ má kọ "a fẹ́ kí ẹ ràn wá lọ́wọ́" nìkan. Ẹ béèrè nǹkan méjì ní pàtó. Èkíní, àyẹ̀wò táǹkì àti páìpù fún jíjò, kí wọ́n ṣe é níṣojú aṣojú yín. Èkejì, ìwé tí mánéjà ilé epo ń kọ nígbà tó bá ti igi ìwọ̀n bọ táǹkì láràárọ̀: iye tó wà nílẹ̀, iye tí ọkọ̀ já, iye tí mítà pọ́ǹpù sọ pé wọ́n tà. Ní Amẹ́ríkà, bí ìṣirò oṣù kan bá fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo tó gba táǹkì kọjá, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù 130, yàtọ̀, wọ́n ti fura pé ó ń jò nìyẹn. Ìṣirò yẹn ò nílò ẹ̀rọ kankan, ìwé àti bíro ló gbà. Bí ìlà páìpù epo ńlá bá sì gba àdúgbò yín kọjá, ẹ sọ ọ́ sínú ìwé náà. Àwọn ará Barúwà, ní ìhà Ìpájà, ti wà lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1990, páìpù ni tiwọn, kì í ṣe táǹkì.

Owó tí ẹ ti dá, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí láàbù tó lè wọn àwọn èròjà inú bẹntiróòlù wọ̀nyí: benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ẹ̀rọ wọn lè rí benzene tó kéré tó máíkírógíráàmù 10; bí wọn kò bá lè rí i, "a ò rí nǹkan kan" tí wọ́n bá kọ kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìgò gíláàsì tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike, kí ẹ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù, kí ẹ fi yìnyín gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú omi kànga mẹ́rin tó ń rùn, kí ẹ sì mú ti mẹ́ta tí kò rùn, pàápàá àwọn tó wà ní apá ibi tí rọ́bà bíríkìlà bá ní omi ń lọ. Bí èsì bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwọ̀n kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àá wá lè sọ bóyá yàrà kan tilẹ̀ wà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́.